Fóònù àti Kọ̀ǹpútà ní Kíláàsì: Àwọn Ìbéèrè Tí Àwọn Tíṣà Ń Bi Mí Lemọ́lemọ́

Láti ìgbà tí mo ti ń bá àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí mo wà ní ilẹ̀ Ìgbómìnà títí tí mo fi padà sí Ìlọrin, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá. Lọ́sẹ̀ tí mo dáhùn "ṣé fóònù mi tó?" lẹ́ẹ̀mẹta, mo ní kí n kúkú kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fo èyí tí kò bá kàn yín.

Kí tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà orí ẹ̀rọ?

Ó ju mímọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń wo àwòrẹ́rìn-ín lórí fóònù ìyá rẹ̀ mọ ìyẹn. Ohun tí à ń wí ni pé kí èèyàn wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó rí i, kó yẹ ohun tó rí wò bóyá òótọ́ ni, kó fi ẹ̀rọ ṣe nǹkan tirẹ̀, ìbáà jẹ́ àkọsílẹ̀, ohùn, àwòrán tàbí fídíò, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ara ẹni àti bí wọ́n ṣe ń hùwà ọmọlúàbí níbẹ̀.

Tíṣà tó ti ń bá ọmọ wí pé "má kàn pe ọ̀rọ̀ inú ìwé bí ayékòótọ́, sọ ohun tó yé ọ fún mi" ti ń ṣe ìdajì iṣẹ́ náà tipẹ́.

Mi ò ní kọ̀ǹpútà. Ṣé fóònù tó?

Ó tó. Nǹkan mẹ́rin ni mo máa ń lò jù lórí fóònù mi: kámẹ́rà, ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, WhatsApp àti Google. Kò sí èyí tí mo fi owó rà nínú wọn. Kọ̀ǹpútà dáa fún àkọsílẹ̀ gígùn àti fún ṣíṣírò èsì ìdánwò, ṣùgbọ́n mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ tí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá wà lábẹ́ aṣọ, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ sì wà lápò ẹnì kan tó rìnrìn àjò. Fóònù tó wà lápò yín lẹ ó lò lọ́la.

Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ṣé kò ti pẹ́ jù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù láì jẹ́ kó lọ sí àpò ẹlòmíì, kí ló kù tó le? Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń bẹ̀bẹ̀ fún: ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín gba fóònù lọ́wọ́ yín kó "bá yín ṣe é". Kó máa fi ẹnu sọ ọ́, kí ìka yín máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ óò bínú, òun náà á bínú, ṣùgbọ́n ẹ ò ní í tún bi í mọ́.

Tábúlẹ́ẹ̀tì KwaraLEARN ti wà lọ́wọ́ mi. Kí ni mo tún ń wá?

Láti 2022 tí ìjọba Kwara ti bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni ètò iṣẹ́ ti ń wá bá tíṣà. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Ó gba ọ̀pọ̀ yín lọ́wọ́ fífi òru kọ ètò iṣẹ́, ó sì ti mú ọwọ́ yín bá ojú ẹ̀rọ mu.

Ẹ kàn wo ẹni tó ń lò ó. Ẹ̀yin lẹ̀ ń kà lójú tábúlẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀dù ni ọmọ ń wò. Ọmọ náà kò tíì wá nǹkan kan, kò tíì yẹ nǹkan kan wò, kò tíì fi ẹ̀rọ ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló kù, kò sì ní kí ẹ da ètò tí wọ́n gbé fún yín rú. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ọjọ́ náà bá ti parí, ti tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mo wà, kò sí iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣe ségesège. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tó jẹ́ pé abẹ́ igi máńgò kan ṣoṣo ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ ni pé kí n má ṣe gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọ kíláàsì rárá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí mo bá wọ ìlú, mo máa ń kó ohun tí mo fẹ́ lò sórí fóònù: àwòrán mẹ́ta, fídíò kékeré kan, ojú ìwé kan tí mo ti fi pamọ́. Tó bá di ọjọ́ Ajé, ó ti wà lọ́wọ́ mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá o, kò wá o.

Áàpù méjì wà tí wọ́n dìídì ṣe fún irú ibi báyìí, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Kiwix máa ń gbé Wikipedia sínú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, tí ẹ óò máa kà á láìsí dátà. Kolibri ní ẹ̀kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú ìdánrawò. Tí ẹ bá gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan, àwọn fóònù tó wà nítòsí lè wọ inú rẹ̀ láti orí Wáì-fáì tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan. Wọ́n wúwo, nítorí náà ẹ wá ibi tí Wáì-fáì wà ní Ìlọrin, kí ẹ gbà wọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi mẹ́mọ́rì káàdì pín in fún ara yín.

Ní ti iná, ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ti máa ń ṣáàjì fóònù mi, òun náà sì máa ń ní kí n bá ọmọ òun wo iṣẹ́ àṣetiléwá. Tí ẹ bá wọ kíláàsì, ẹ fi fóònù sí ipò tí wọ́n ń fi í sí nínú ọkọ̀ òfúrufú. Bátìrì á pẹ́, ìpè ẹ̀gbọ́n yín kò sì ní í dá iṣẹ́ dúró.

Dátà ń jẹ owó mi. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ lọ sí ètò (Settings) WhatsApp, kí ẹ pa gbígba àwòrán àti fídíò fúnra rẹ̀. Fídíò àdúrà òwúrọ̀ tí àwọn èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo gúrúùpù ló ń jẹ yín lówó jù, kì í ṣe iṣẹ́ kíláàsì. Ẹ tan ìfidátà-pamọ́ (Data Saver) inú fóònù yín, kí ẹ sì rẹ dídára àwòrán fídíò YouTube sílẹ̀ sí èyí tó kéré jù; ojú ọmọ máa rí i. *323# lẹ óò tẹ̀ láti mọ iye tó kù, ìlà yòówù kí ẹ máa lò.

Ọmọ 48 ló wà ní kíláàsì mi, fóònù kan ṣoṣo ni mo ní, ilé ẹ̀kọ́ ò sì gbà kí ọmọ mú fóònù wá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣe é?

Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́fà, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Kò sí ẹgbẹ́ tó máa fọwọ́ kan fóònù àfi tó bá ti kọ ohun tó fẹ́ fi ṣe sórí bébà: ta ni yóò sọ̀rọ̀, kí ni yóò sọ, ta ni yóò mú fóònù dání. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Orí bébà ni iṣẹ́ gidi ti ń lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìtàkùrọ̀sọ ọjà. Ní JSS2, mo ní kí wọ́n ṣe bí ẹni ń ra wàrà ní Ọjà Ìpàtà, kí ẹnì kan jẹ́ oníwàrà, kí ẹnì kan jẹ́ oníbàárà tó ń ná an, kí a sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ṣé bí mo ṣe ń sáré sọ̀rọ̀ nìyí, sà?" Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún un ṣe. Ọmọ yìí kan náà kò bẹ̀ mí rí pé kí òun tún àròkọ kan kọ. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, ó dánu dúró kó tó dá iye owó, ó sì fa "háà!" oníbàárà náà gùn débi pé gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ lọ bá hẹ́dímásítà tàbí pírínsípà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé fóònù tíṣà ni, ní ojú tíṣà, fún iṣẹ́ tó wà nínú ètò. Mi ò tíì pàdé ọ̀gá tó kọ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ lọ sọ fún un. Èyí tí wọ́n fojú ara wọn bá lójijì ni wọ́n máa ń bínú sí.

Kí ni kí n kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ?

Bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè. Ọmọ á kọ "òkúta" sínú Google, á rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èsì, á sì mú àkọ́kọ́. Ẹ ní kó kọ "òkúta Ìlọrin Ìdí-Àpẹ", kí ẹ jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí ìyàtọ̀. Ẹ lè ṣe eré yìí lórí bọ́ọ̀dù láìsí ẹ̀rọ: ẹ kọ ìbéèrè tó gbòòrò, kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kún un títí tí yóò fi tọ́ka sí ohun kan pàtó.

Ṣé mo lè kọ Yorùbá tó ní àmì ohùn lórí fóònù?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ń bí mi nínú pé àwọn tíṣà Yorùbá gan-an ló ń bi mí. Ẹ lọ sí ètò Gboard, ìyẹn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé Google lórí fóònù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ èdè sí, kí ẹ fi Yorùbá kún un. Ẹ óò rí ẹ, ọ àti ṣ lójú rẹ̀. Tí ẹ bá tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmì ohùn á jáde, ẹ ó sì fa ìka lọ sórí èyí tí ẹ fẹ́. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ á sú yín. Lọ́jọ́ kẹta ọwọ́ á ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ kọ owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀ àti ọwọ̀ sójú fóònù, kí ẹ ní kí ọmọ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn. Mo ti fi bíró pupa kọ́ ọmọ ní àmì ohùn fún ọdún mọ́kànlá, kò wọlé tó báyìí, torí pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń yan àmì.

Ṣé èyí á ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú JAMB?

Láti 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME, èyí tí JAMB ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì, ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì. Ọmọ tó mọ ìwé ṣùgbọ́n tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí á fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ máa gbọ̀n. WAEC náà ti gbé e dé: ní 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìdánwò àwọn tó ń dá forúkọ sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé lẹ́tà mẹ́jọ péré ni ọmọ nílò láti ṣe UTME, láì fọwọ́ kan máòsì: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti yí ìpinnu yẹn padà. Ẹ ya bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà sórí páálí, kí ẹ fi àwọ̀ kun mẹ́jọ yẹn, kí wọ́n máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ń ka ìbéèrè. Ó ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́.

Báwo ni mo ṣe ń kọ́ ọmọ láti mọ irọ́ orí WhatsApp?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí wọ́n mọ̀. Ọmọ kan fi àwòrán ère òkúta kan hàn mí lórí fóònù bàbá rẹ̀ níbi ìpàdé òbí, wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ pé Íjíbítì ni wọ́n ti hú u. Mo wo ojú ère náà. Ère Ẹsìẹ́ ni! Láti ilé ẹ̀kọ́ wa dé Ẹsìẹ́, ọ̀kadà lásán ni. Mo gbé àwòrán náà wọ Google Lens, tó máa ń fi àwòrán wá nǹkan, lójú gbogbo wọn, ó sì gbé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹsìẹ́ jáde, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, tó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Bàbá ọmọ náà ní, "Tíṣà, èmi ni mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mẹ́fà o."

Láti ọjọ́ yẹn, ìbéèrè mẹ́ta ni mo ń kọ sí igun bọ́ọ̀dù: Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Ìgbà wo? Ibo ni a tún ti lè rí i? Ẹ fi ọfà méjì orí WhatsApp náà hàn wọ́n. Tí ọ̀rọ̀ bá ti ti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, WhatsApp máa ń fi ọfà méjì sí i lórí, kò sì ní í jẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọfà yẹn kò sọ pé irọ́ ni. Ó kàn ń sọ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kọ́ ló kọ ọ́.

Ọmọ mọ fóònù jù mí lọ. Ṣé kò ní í fojú di mí?

Ẹ jẹ́ kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn yín, kí ẹ wá bi í pé, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé òótọ́ ni?" Ibẹ̀ ni yóò dákẹ́.

Àwọn òbí ní fóònù á ba ọmọ àwọn jẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ má bá wọn jiyàn, torí pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù wà lóòótọ́. Ní Ìlọrin níbí, òbí tó ń rán ọmọ lọ sí ilé kéú ní ìrọ̀lẹ́ kò ní í gbà kí ẹ máa fi ọ̀rọ̀ ìgbàlódé yọ òun lẹ́nu. Ẹ pè wọ́n wá, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ohun tó ṣe hàn wọ́n. Mo rí bàbá kan tó jẹ́ àáfà, tó wá pẹ̀lú ìbínú, tó jókòó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń bi ìyá àgbà léèrè ọ̀rọ̀ nípa aṣọ híhun. Kò yìn mí o. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun.

Ẹ sọ òfin náà fún wọn pẹ̀lú: WhatsApp àti ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń bá èèyàn kọ̀wé, kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 dá ṣí àkáǹtì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dá gúrúùpù sílẹ̀ fún ọmọ prímárì. Ti òbí ni kí ẹ dá sílẹ̀.

Ṣé mo lè fi àwòrán àwọn ọmọ sórí Facebook tàbí sítátọ̀ọ̀sì mi?

Láìgba àṣẹ òbí, rárá. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ní kí wọ́n gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kí wọ́n tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Tí ẹ bá ní àṣẹ náà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ ọmọ, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ àti ọ̀nà ilé wọn jọ hàn nínú àwòrán kan ṣoṣo.

Èmi náà ti ṣì í ṣe. Mo ya àwòrán ìwé èsì ìdánwò gbogbo kíláàsì, mo sì fi sínú gúrúùpù òbí kí n má bàa máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìyá kan fi pè mí. "Tíṣà, ṣé gbogbo àdúgbò ló yẹ kó mọ̀ pé ọmọ mi gba ipò kọkànlélógójì?" Mo pa á rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti fi pamọ́. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ọmọ náà ló ṣílẹ̀kùn fún mi, kò sì wo ojú mi.

Ọmọ mú àròkọ tó dùn jù wá. Mo mọ̀ pé ChatGPT ló kọ ọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má gbára lé àwọn ẹ̀rọ tó ní àwọn lè mọ èyí tí ẹ̀rọ kọ. Wọ́n ti fẹ̀sùn kan ọmọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, wọ́n sì ti fi èyí tó jí i kọ sílẹ̀. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ ní kó fi ẹnu sọ ìpínrọ̀ kejì fún yín. Tó bá sọ ọ́, tirẹ̀ ni. Tí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má tíì nà án, ẹ ní kó jókòó kọ ọ́ níwájú yín.

Àtìgbà tí ChatGPT ti dé ní òpin 2022, mo ti yí irú iṣẹ́ tí mo ń fún wọn padà. "Kọ àròkọ lórí ọjọ́ ọjà" ti kú, ẹ̀rọ á kọ ọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá. "Bi ìyá tó ń ta ẹ̀kọ ní ìkángun ilé yín ní ìbéèrè mẹ́rin, kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́" ṣì wà láàyè. Ẹ̀rọ kò mọ ìyá náà.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo tíṣà Yorùbá dán wò. Mo ní kí ẹ̀rọ náà ki ìlú Ìgbómìnà kékeré kan fún mi. Ó kì í dáadáa, ó dùn létí, ó ń sáré bí akígbe. Nígbà tó dé ìlà kẹta, ó gbé orúkọ odò kan wọlé tí kò sí ní gbogbo agbègbè náà. Mo tẹ oríkì ọ̀hún jáde, mo fún àwọn ọmọ SS2 ní bíró pupa, mo ní kí wọ́n lọ bá àgbà ilé wọn, kí wọ́n máàkì í. Ọ̀kan gbé tirẹ̀ padà wá, bàbá àgbà rẹ̀ ti fi bíró dúdú kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Ta ni ọmọ yìí? Ilé wo ló ti wá?"

Àwọn ọmọ mi gba fídíò àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, ní Ìlọrin. Ṣé ká gbé e sórí YouTube?

Ìbéèrè tó le jù nìyí, tíṣà kan ní Òkèlele ló bi mí. Fídíò náà dáa. Ọwọ́ ìyá náà ń yí amọ̀, kò lo ẹ̀rọ ìyíkòkò kankan, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí amọ̀ náà ká. Àwọn ọmọ bi í ní ìbéèrè tó nítumọ̀.

Mo bi tíṣà náà bóyá ìyá yẹn mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ní àgbáyé lè wò ó, tí ẹlòmíì sì lè fi pa owó. Ó ní ìyá náà ní, "Ẹ máa gbà á, ọmọ mi." Mo ní ìyẹn ni àṣẹ fún àwọn ọmọ tó jókòó níwájú rẹ̀. Kó padà lọ, kó fi fídíò náà hàn án lórí fóònù látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó ṣàlàyé YouTube fún un, kó sì bi í bóyá ó gbà, lójú ọmọ rẹ̀ tó ti dàgbà.

Ó padà lọ. Ìyá náà wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí wọ́n gé ibi tí òun ti ń sọ bí òun ṣe ń po amọ̀ kúrò, pé wọ́n lè máa wo ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Àwọn ọmọ ló gé e fúnra wọn, lórí fóònù tíṣà, wọ́n sì gbé e padà lọ fún ìyá náà kó tún wò ó kí wọ́n tó gbé e sókè.